Kò Ní Mọ́ Mi Lára

Obìnrin kan bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ó ń fi lu dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ rẹ̀, nígbà tó gbójú sókè tó rí ọkùnrin kan níwájú rẹ̀. Òjò àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Omi ṣì ń kán tó-tó láti ara igi tó wà létí pápá, ọkùnrin náà sì dúró sábẹ́ igi ọ̀hún bí ẹni tí wọ́n gbìn síbẹ̀. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, téèpù ìwọnṣọ rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, fọ́nrán òwú pupa kan sì há sí irùngbọ̀n rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀.

"Dákẹ́," obìnrin náà wí, ó tún fi bàtà gbá ọkọ̀. "Mo ní kó o dákẹ́."

Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó rọra rìn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú àwọn méjèèjì fi ṣe déédéé.

"Ẹ má bínú, mà," ó ní. "Mi ò tíì sọ nǹkan kan."

Ojú ti obìnrin náà. Ó sọ gíláàsì kalẹ̀, ó ń wá ibi tí yóò fi bàtà sí. "Ọkọ̀ ni mò ń bá wí, kì í ṣe ẹ̀yin."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ẹ ti mọ̀ mí tẹ́lẹ̀ ni. Adákẹ́ ni wọ́n ń pè mí."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé inú ń bí òun.

Bíréèkì ni wọ́n ń pe òun náà. Ọdún méje gbáko ló fi kọ́ àwọn èèyàn ní ọkọ̀ ní iléèwé ìwakọ̀ ẹlòmíì, tó ń pariwo "bíréèkì, bíréèkì" láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, títí orúkọ náà fi lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀ kò jẹ́ kó kọ́ ọkùnrin kankan. Ó ní ọkùnrin kì í fẹ́ kí obìnrin sọ fún òun pé kí òun dúró. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà sú u, Bíréèkì kó ìwé rẹ̀, ó háyà yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó ra ọkọ̀ tuntun kan, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí ara ilẹ̀kùn rẹ̀ pé: A Ń KỌ́ GBOGBO ÈÈYÀN.

Bàbá rẹ̀ ló mú un lọ síbi tó ti ra ọkọ̀ náà. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá yìí fi wa ọkọ̀ akẹ́rù fún ọ̀gá kan ṣoṣo, ọmọ ọ̀gá náà ló sì wá di ẹni tó ń ta ọkọ̀. Dídán ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí pé bàtà rẹ̀ ń dán, eyín rẹ̀ ń dán, àwọn ọkọ̀ tó tò síwájú ilé ìtajà rẹ̀ náà ń dán bí omi.

Ọjọ́ kẹta ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Bí eré bá ti pọ̀ díẹ̀, nǹkan kan á máa ṣe ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ nínú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí ọ̀nà bá ti rí pàlàpàlà, òmíràn á máa kọ kẹ́-kẹ́-kẹ́ lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá sì yà ní kọ̀rọ̀, ohun kan lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn á kérora, híìn, bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló gbé e padà fún Dídán. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni àwọn mẹkáníìkì Dídán wa ọkọ̀ náà yí ilé ká, tí wọ́n ní àwọn ò gbọ́ nǹkan kan.

"Gbogbo ọkọ̀ tuntun ló ń sọ̀rọ̀," Dídán wí fún un, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣe sùúrù. Á mọ́ ẹ lára."

"Kò ní mọ́ mi lára," Bíréèkì dá a lóhùn.

Bàbá rẹ̀ ní etí rẹ̀ ló ń dún. Méjì nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì ti sá lọ. Ọ̀kan tiẹ̀ sọ ọ́ sí i lójú pé àyà òun ń já, pé ó dà bíi pé ọkọ̀ náà fẹ́ tú mọ́ àwọn lórí.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn ní àárọ̀ ọjọ́ tí Adákẹ́ dé.

"Mo fẹ́ kọ́ ọkọ̀," ọkùnrin náà wí. "Ìjókòó ọkọ̀ ni mò ń rán, àti àga onífóòmù. Mo máa ń gbé iṣẹ́ lọ fún oníbàárà, ẹ̀yìn mi ti ń kú lọ. Ṣùgbọ́n kí n tó wọlé, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, kó má di pé mo tàn yín. Etí ọ̀tún mi kò gbọ́ nǹkan kan. Ti òsì ń gbọ́ ohùn tó bá sún mọ́ ọn. Àìsàn ló mú un lọ nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Ẹnu èèyàn ni mo máa ń wò kí n tó gbọ́ràn. Iléèwé ìwakọ̀ mẹ́ta ló ti lé mi."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ta ni yóò máa gbọ́ fèrè fún mi."

Bíréèkì wò ó. Irú ohùn yẹn kò ṣàjèjì sí i. Ohùn ẹni tí wọ́n ti fi òfin tí kò sí nínú ìwé lé jáde ni. "Ojú yín ńkọ́?"

"Mo lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ láìtan iná."

"Ẹ wọlé."

Ọkùnrin náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Bíréèkì sì tan ọkọ̀ láti fi bí pápá ṣe rí hàn án. Wọn ò tíì lọ jìnnà tí Adákẹ́ fi tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí orí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó yí orí díẹ̀. Ó gbé ọwọ́ náà sún sí ọ̀tún, ó tún gbé e sún sí òsì.

"Nǹkan kan ń gbọ̀n níbí, mà," ó ní.

Bíréèkì tẹ bíréèkì. "Ẹ tún un sọ."

"Nǹkan kan ń gbọ̀n. Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Ti ẹ́ńjìnnì ń lọ ṣinṣin. Èyí ń já lu ara wọn."

Oṣù méjì ni obìnrin yìí ti ń wá ẹyọ ẹnì kan tí yóò gbà pé òun kò ya wèrè. Ẹni tí etí rẹ̀ kò gbọ́ ló wá di ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ó gbé orí lé sítíárìn, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ọkùnrin náà rò pé ẹkún ni, ó ń wá áńkáṣíìfù nínú àpò, àfi ìgbà tí Bíréèkì gbójú sókè tó rí i pé ẹ̀rín ni.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe àdéhùn. Bíréèkì yóò kọ́ ọ ní ọkọ̀ láti aago méje sí mẹ́jọ àárọ̀. Láti mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án, ọkùnrin náà yóò bá a wá àwọn ìró náà kiri.

Kíkọ́ ọ ní ọkọ̀ gba ọgbọ́n. Ẹni tó ń wo ọ̀nà kò lè máa wo ẹnu olùkọ́. Bíréèkì, tó ti fi ẹnu jẹun fún ọdún méje, wá gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Bó bá fọwọ́ kàn án ní èjìká lẹ́ẹ̀kan, ọ̀tún. Ẹ̀ẹ̀mejì, òsì. Bó bá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí i lápá, kó dúró. Ó kó dígí kéékèèké kún ara dígí ọkọ̀, ó ní kó máa wò wọ́n ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Adákẹ́ ti ń wakọ̀ ju àwọn tí etí wọn ń gbọ́ lọ, nítorí pé àwọn ń dúró de fèrè, òun kò dúró de nǹkan kan. Ó ti rí i kó tó dún.

Bó bá di aago mẹ́jọ, yóò bọ́ bàtà, yóò wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, Bíréèkì á máa wà á lọ, òun á máa fi ọwọ́ wá a kiri bí ẹni tó ń wá ibi tó ń dun ọmọ. Ti dáṣíbọ́ọ̀dù ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Síkúrù kan ló sọnù lẹ́yìn àpótí kékeré tí wọ́n ń kó ìwé sí. Adákẹ́ wá síkúrù mìíràn, ó tún gé aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sáàárín kí wọ́n má baà tún máa lu ara wọn. Wọ́n wa ọkọ̀ lọ sójú títì. Ó dákẹ́ lọ gbári.

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ?" Bíréèkì kọjú sí i bí wọ́n ṣe dúró.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Èmi náà ò gbọ́ nǹkan kan."

Wọ́n wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n jẹ búrẹ́dì wọ́n mu tíì lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò sì sẹ́ni tó rántí pé aago mẹ́sàn-án ti kọjá.

Ti ilẹ̀kùn ni wọ́n tún rí ṣìkejì. Irin bẹ́líìtì ló ń lu ara ògiri ọkọ̀. Tíì àti búrẹ́dì tún dé. Wọn ò mọ ọjọ́ tí "ẹ" kúrò láàárín wọn tí "o" wọlé. Bíréèkì ṣáà rí i pé òun ti ń kun ètè ní àràárọ̀. Ó parọ́ fún ara rẹ̀ pé kí Adákẹ́ lè rí ọ̀rọ̀ ẹnu òun kà dáadáa ni.

"Ètè rẹ pupa lónìí," Adákẹ́ wí.

"Kó o lè máa gbọ́ mi ketekete ni."

"Mo ti gbọ́ ẹ tipẹ́," ó ní, ó sì yíjú padà sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kíákíá, bí ẹni tó já nǹkan oníǹkan bọ́. Bíréèkì mọ̀ pé bí òun bá fèsì báyìí, Adákẹ́ kò ní rí ẹnu òun. Síbẹ̀ ó fèsì lẹ́yìn rẹ̀, ó sọ wẹ́rẹ́ ohun tí kò tíì lè sọ lójú rẹ̀.

Ó wá ku èyí tó ń kérora lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn.

Adákẹ́ ní àfi kí àwọn tú ìjókòó náà. Ó gbé e jáde sórí koríko, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó mú abẹ rẹ̀. Kò tíì gé nǹkan kan tí ọwọ́ rẹ̀ fi dúró. Ó pẹ́ níbẹ̀ tó ń fi ìka tọ ojú ìránṣọ lọ, tó tún ń fi tọ̀ ọ́ bọ̀.

"Kí ló dé?"

Ó kọjú sí i, kó lè rí ẹnu rẹ̀ dáadáa. "Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kì í so kókó," ó ní. "Yóò ránṣọ dópin ni, yóò sì padà rán an lé ara rẹ̀. Ọwọ́ èèyàn ní í so kókó. Wò ó. Kókó nìyí. Òmíràn nìyẹn. Ẹnì kan bí èmi ló rán èyí."

Wọ́n kà á, kókó mọ́kànlá. Nígbà tí wọ́n ṣí fóòmù, èérún gíláàsì jáde níbẹ̀, gíláàsì tó fọ́ wẹ́wẹ́ bí iyọ̀. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni irin tí wọ́n jó pọ̀ mọ́ irin wà, ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ ni ó ń fi ara gbo ara tó ń kérora. Ọ̀dà tó wà nínú ọkọ̀, níbi tí ìjókòó ti kúrò, kò sì jọ ti ìta. Funfun ni ìta. Ti inú dúdú bí èédú.

"Ọkọ̀ yìí ti ní ìjàm̀bá rí," Adákẹ́ wí. "Ẹ̀yìn rẹ̀ ti run. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì tà á fún ọ bíi tuntun."

Àwọn tó ti jókòó síbẹ̀ yẹn ni Bíréèkì ń rò: ìyàwó tó lóyún, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, gbogbo àwọn tó fi ẹ̀mí wọn lé òun lọ́wọ́. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Ó ti bá a lónìí, lórí koríko.

Adákẹ́ gbé ìjókòó náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ilé bàbá rẹ̀ ni Bíréèkì kọ́kọ́ lọ. Bàbá gbọ́ ọ títí, ó ń fi ọwọ́ ra orúnkún rẹ̀.

"Ìyá mi," ó ní, nítorí pé ìyá rẹ̀ ni Bíréèkì jọ, "ọgbọ̀n ọdún ni mo fi jẹun lọ́wọ́ ìdílé yẹn. Má dójú tì mí. Ọmọkùnrin náà wá bá mi lóṣù tó kọjá. Ó fẹ́ fẹ́ ọ. Ó ní tí o bá gbà, kó o wá mú èyí tó wù ọ́ nínú gbogbo ọkọ̀ òun. Ọ̀rọ̀ á parí sínú ilé."

"Bàbá, ọkọ̀ ni mo lọ rà lọ́dọ̀ rẹ̀. Mi ò lọ ta ara mi."

"Ta ló sọ fún ọ pé ọkọ̀ ti ní ìjàm̀bá? Ṣé adití tó ń rán ìjókòó yẹn náà ni? Mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ọmọ awakọ̀, kó wá lọ máa tẹ̀ lé ẹni tí kò gbọ́ fèrè."

"Kì í ṣe etí ló fi rí i, Bàbá. Àwọn tó ní etí mélòó ló wa ọkọ̀ yẹn tí wọn ò gbọ́ nǹkan kan?"

Bàbá nawọ́ mú fìlà rẹ̀, ó jáde. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Adákẹ́ kò wá sí pápá. Ọjọ́ kẹta, kò wá. Ọjọ́ kẹrin, Bíréèkì ti iléèwé rẹ̀ pa, ó lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù.

Ṣọ́ọ̀bù náà kò fẹ̀ ju yàrá kan lọ. Fóòmù wà níbẹ̀ títí kan àjà, ìgò gọ́ọ̀mù wà lórí pẹpẹ, òwú oríṣiríṣi àwọ̀ rọ̀ mọ́ ìṣó lára ògiri. Adákẹ́ jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń rán awọ lọ ráú. Ó rí òjìji rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó mọ̀ pé òun ni. Kò gbójú sókè. Bí ọkùnrin náà ṣe ń ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn nìyẹn: kò wo ẹnu rẹ, ọ̀rọ̀ rẹ kò wọlé.

Bíréèkì wọlé, ó fi ọwọ́ di àgbá ẹ̀rọ náà mú. Ẹ̀rọ dúró.

"Wò mí," ó ní. "Ojú lọ̀rọ̀ wà."

Ọkùnrin náà wò ó.

"Bàbá rẹ wá síbí. Wọn ò bú mi o. Wọ́n sọ̀rọ̀ bí àgbà. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí o bá ké pè mí láti yàrá kejì, ṣé màá gbọ́? Wọ́n ní wàá di etí mi, wàá máa gbọ́ tìrẹ wàá máa gbọ́ tèmi, títí yóò fi rẹ̀ ọ́. Wọ́n ní bí mo bá fẹ́ràn rẹ lóòótọ́, kí n fi ọ́ sílẹ̀."

"O wá gbà."

"Mi ò rí irọ́ níbẹ̀."

Inú bí Bíréèkì débi tí ohùn rẹ̀ fi lọ sílẹ̀ dípò kó ga. "Ọ̀gá mi àtijọ́ sọ ẹni tí mo lè kọ́ fún mi. Dídán sọ ìró tó yẹ kó mọ́ mi lára fún mi. Bàbá mi sọ ẹni tí mo máa fẹ́. Mi ò wá ẹnì kẹrin tí yóò tún máa sọ ohun tí agbára mi gbé fún mi. Bí o kò bá fẹ́ mi, sọ ọ́ sí mi lójú, mo máa lọ. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ mi, má fi mí sílẹ̀ nítorí ire mi. N ò bẹ̀ ọ́ ní irú ire yẹn."

Adákẹ́ gbé ọwọ́ kúrò lórí awọ.

"Lọ́la, ní aago mẹ́sàn-án," Bíréèkì wí, "èmi àti ọkọ̀ yẹn á wà níwájú ilé ìtajà Dídán. Bí o bá wá, o wá. Bí o kò wá, màá dúró fúnra mi."

Ó dúró lóòótọ́. Olùkọ́ ìwakọ̀ ni, ó mọ ibi tí òfin gbà kéèyàn dúró sí, ó sì gbé ọkọ̀ náà síbẹ̀ gẹ́lẹ́, létí títì, ní òdìkejì gíláàsì gàgàrà ilé ìtajà náà. Ó ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó gbé páálí kan ka orí ọkọ̀ náà, ó kọ ọ́ sí i pé: WỌ́N TÀ Á FÚN MI BÍI TUNTUN. Ẹ WÁ WO INÚ RẸ̀. Ó wá gbé àga kékeré kan jáde, ó jókòó, ó ká ọwọ́ lé àyà.

Kò pé wákàtí kan tí Dídán fi jáde.

"Kí nìyí? Ṣebí mo ti bá Bàbá sọ̀rọ̀. Gbé ọkọ̀ yìí kúrò, ká lọ jókòó nínú ọ́fíìsì."

"Ibi tí mo wà yìí dára. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ níbí."

"O fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́ nítorí ìró lásán? Ẹlẹ́rìí wo lo ní?"

Àwọn oníbàárà méjì ti jáde wá síta láti wò ó. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Adákẹ́ fi yọ ní ìkángun títì. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá, ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ náà wà lórí èjìká rẹ̀, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Kò kí Dídán. Ó wo Bíréèkì, ó sì gbé ìjókòó náà kalẹ̀ síwájú rẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹ̀bẹ̀ wá.

Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ ni. Ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè sódò bí ti ẹlòmíì, ó sì mọ̀ pé àwọn èèyàn máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yẹn, ó sọ ọ́ lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́. Ó fi kókó mọ́kànlá náà hàn wọ́n, ó fi èérún gíláàsì hàn wọ́n, ó ní kí wọ́n fi ọwọ́ kan irin tí wọ́n jó pọ̀.

"Kí lẹ ń gbọ́ ti adití yìí fún?" Dídán wí fún àwọn oníbàárà, ó kọ ẹ̀yìn sí Adákẹ́.

Bíréèkì dìde. "Yí ojú rẹ sí i kó o tó sọ ọ́," ó ní, "kó lè dá ọ lóhùn."

Dídán kò yíjú. Oníbàárà kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ki orí bọ inú ọkọ̀, ó wo ọ̀dà dúdú tó wà níbi tí ìjókòó ti kúrò. Ó nàró, ó nu ọwọ́, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ láìwọ ilé ìtajà mọ́. Èkejì tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ mẹ́ta ni àwọn méjèèjì fi jókòó síbẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Bíréèkì kò bá a sọ̀rọ̀ títí di ọ̀sán. Ọ̀sán ni Adákẹ́ fọwọ́ kàn án ní èjìká, tó ní, "Mo ṣì fẹ́ ọ. Mo yẹ kí n ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu mi."

"Ó ti kọjá. Gbé àga rẹ sún mọ́bí."

Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí kò rí oníbàárà kankan mọ́, Dídán gba ọkọ̀ rẹ̀, ó sì dá owó rẹ̀ padà fún un láìkù síbì kan. Bíréèkì fi ra ọkọ̀ àlòkù kan tó ti lo ọdún mẹ́jọ, tí ẹni tó tà á kò sì fi ọjọ́ orí rẹ̀ pamọ́. Kò dán. Adákẹ́ tú gbogbo ìjókòó rẹ̀ wò kí wọ́n tó gbé e kúrò níbẹ̀. Ọkọ̀ náà ni Adákẹ́ fi gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Ọ̀gá tó dán an wò ní òun fẹ́ já a nítorí etí rẹ̀. Bíréèkì ní kó fi ojú ewé tí òfin náà wà han òun. Wọ́n wá a títí, wọn kò rí i, ọ̀gá náà sì buwọ́ lùwé.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, bàbá rẹ̀ dé sí pápá. Òun àti ọmọ rẹ̀ kò tíì rí ara wọn láti ọjọ́ tí ọmọ ti lọ bá a nílé. Ó ti gbọ́ nípa kókó mọ́kànlá, ó sì ti lọ bi Dídán léèrè lójúkojú, ohun tí Dídán fi dá a lóhùn kò dùn mọ́ ọn nínú. Kò sọ èyíkéyìí nínú rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó jókòó, ó kọjú sí Adákẹ́.

"Gbé mi délé," ó ní.

Bíréèkì wọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó di ẹnu mọ́, ó sì ká ọwọ́ jọ kó má baà fọwọ́ kan Adákẹ́ ní èjìká.

Ọ̀nà kún. Ní oríta ńlá, Adákẹ́ wo dígí, ó tan iná tí wọ́n fi ń yà, ó sì rọra fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kí lo ń dúró fún?" Bàbá bi í. Ẹnu rẹ̀ kò tíì pa dé tí òun fúnra rẹ̀ fi gbọ́ ọ lọ́nà jíjìn, ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn, tó ń ké bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ó kọjá fìrì. Adákẹ́ wo dígí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó padà sójú ọ̀nà.

Wọ́n délé. Nígbà tí Bàbá sọ̀ kalẹ̀, ó yí wá sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé Adákẹ́, ó bọ́ fìlà tó ń bo ojú rẹ̀, ó sì rọra la ẹnu.

"O mọ dígí lò. Àwọn tó ń wakọ̀ lónìí kì í wo dígí." Ó ká fìlà rẹ̀ mọ́ ọwọ́. "Mo sọ ohun tí kò yẹ fún ọ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ. Ọjọ́ wo ni àwọn èèyàn rẹ lè wá rí mi?"

Nígbà tí Bàbá wọlé tán, Adákẹ́ pa ọkọ̀. Ó yíjú padà sí Bíréèkì tó wà lẹ́yìn.

"Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Mi ò gbọ́," Bíréèkì wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó tún un sọ. Kò mọ bí ohùn òun ṣe ga tó. Fèrèsé kan ṣí ní ilé kejì, Bàbá sì yọ orí láti ẹnu ọ̀nà.

"Ó ti gbọ́," ó ní. "Gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Dá a lóhùn, ìyá mi."

Bíréèkì fi orí dá a lóhùn, nítorí pé omi ti kún ojú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì ṣe é kà.

Wọ́n lọ síwájú akọ̀wé ìgbéyàwó ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan. Yàrá náà kéré, àga mẹ́wàá péré ló wà níbẹ̀. Akọ̀wé náà fi ojú sínú ìwé, ó ka ohun tó fẹ́ kà wúyẹ́wúyẹ́, ó sì bi Bíréèkì bóyá ó gba ọkùnrin yìí. Bíréèkì ní òun gbà á. Akọ̀wé ka ti ọkọ ìyàwó náà lọ lábẹ́ imú. Nígbà tí kò gbọ́ èsì, ó gbójú sókè, ó wo Adákẹ́, ó sì tún padà wo Bíréèkì.

"Ṣé ó gbà?" ó bi í.

Ó rọrùn fún Bíréèkì láti dáhùn. Ó mọ èsì náà bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀, gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ ló sì ń retí pé kó sọ ọ́, kí wọ́n lè kúrò níbẹ̀.

"Òun ni kẹ́ ẹ bi," Bíréèkì wí.

Akọ̀wé náà kọ́kọ́ ṣiyèméjì. Lẹ́yìn náà ó gbé ìwé rẹ̀ kalẹ̀, ó kọjú sí ọkùnrin náà tààrà, ó sì tún gbogbo ọ̀rọ̀ náà sọ, díẹ̀díẹ̀, kedere, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Adákẹ́ ń wo ẹnu rẹ̀ lọ, kò já ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Nígbà tó parí, ó fa èémí, ó sì fi ohùn tirẹ̀, bó ṣe rí gan-an, sọ pé òun gbà.